Ilẹ̀ etí ọ̀sà lẹ́sẹ̀ afárá Àjàṣẹ́: kí la fẹ́ fi ṣe gan-an?

Òǹkàwé kan béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọmọ ìlú ni mí, àmọ́ Kutọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbàkígbà tí mo bá ń bọ̀ wálé lópin ọ̀sẹ̀, tí zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, bá ti gun afárá, mo máa ń wo ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lápá ìlú, ojú á sì tì mí. Àwọn bẹ́ńṣì ti fọ́. Koríko ti bo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n là lẹ́bàá omi. Ìdọ̀tí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Irú ọ̀sà tó lẹ́wà báyìí! Kí ló dé tí wọn ò mọ odi yí i ká, kí wọ́n lé àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń fọ mọ́tò kúrò, kí wọ́n sì máa gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Àbí àwa gan-an la ò fẹ́ ohun tó dáa?

* * *

Ẹ káàbọ̀ o. Èmi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: odi kọ́ ni àtúnṣe ibẹ̀. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo fi ń jẹun, odi ni wọ́n sì ń pè mí sí jù, nítorí náà kì í ṣe pé mo kórìíra odi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó ń lo ilẹ̀ yẹn. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ láti Aguégués, àwọn abúlé apẹja orí omi, pẹ̀lú ẹja àti akàn, àwọn ìyá ẹlẹ́ja á sì ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú bàsíà. Tí oòrùn bá wọ àtàrí, àwọn oní-zẹ́mì á wá sùn díẹ̀ lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó kù. Ìrọ̀lẹ́ ni ti àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù, àti ti àwọn tó ń fẹ́ra wọn tí wọn ò fẹ́ kí ará ilé rí wọn. Ẹ lé gbogbo wọn lọ, ta ló kù? Ewúrẹ́ ló kù, àti ẹni tó ń wá ibi tí yóò ṣu sí tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Ẹni tó bá fẹ́ ọgbà olódi, ó ti wà nílùú. Ẹ lọ sí Jardin des Plantes et de la Nature, igbó ọba tí àwọn Faransé sọ di ọgbà, ẹ lọ jókòó lábẹ́ igi ńláńlá ibẹ̀. Ó dáa gan-an. Àmọ́ ebúté ni etí ọ̀sà, ẹnìkan kì í fi odi dí ebúté.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé láti àná. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé mẹ́rì ló yẹ kó ṣe é, pé owó ni kò sí. Àwọn kan ní arìnrìn-àjò aláwọ̀ funfun ni ká rò ó fún, torí wọ́n máa ń wá wo Honmè, ààfin ọba àtijọ́, àti mọ́ṣáláṣí ńlá, wọ́n á sì padà sí Kutọnu lọ́jọ́ kan náà láìná kọ́bọ̀ létí omi. Àwọn tó kù ní ìwà wa ló burú, pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe fún wa, a ó bà á jẹ́ ni.

Ti àwọn arìnrìn-àjò yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Ti ìwà burúkú, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wo ojúbọ àti gbàgede àwọn ìdílé kan láàárín ìlú tí ilé àṣà Ouadada bá wọn tún ṣe. Wọ́n ṣì mọ́. Kì í ṣe pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ìwà ju àwa etí omi lọ. Ìdílé tó ni gbàgede ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá, wọ́n bá wọn jókòó, wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ti ní ẹni tí ojú á tì bí ó bá dọ̀tí. Lẹ́sẹ̀ afárá wa, ta ni ojú máa tì? Ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí, Kutọnu ló ń gbé.

Ẹ má bínú sí mi, àwàdà ni. Àmọ́ kì í ṣe àwàdà tán.

* * *

Ẹnìkan ní ká má wulẹ̀ mẹ́nu ba omi ọ̀sà, pé bẹ́ńṣì la ń sọ. Omi ló ba bẹ́ńṣì náà jẹ́!

Ọ̀sà wa kì í dúró lójú kan. Odò Ouémé, tó gùn tó kìlómítà 510, láti àríwá lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀. Ó gba ẹ̀bá Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ó dé Bonou, kó tó tú ara rẹ̀ sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà Nokoué. Òjò tó bá rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará òkè ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, àwa ni yóò wá bá nígbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí òjò fi lè dá lọ́dọ̀ wa nínú oṣù kẹjọ, kí ilẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ kí ọ̀sà máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ló máa ń kún jù. Ẹni tó dàgbà létí omi mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ti bàjẹ́ yìí, wọ́n gba èmi náà síṣẹ́ ojúmọ́. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wọn ilẹ̀, nígbà tí omi ti fà sẹ́yìn pátápátá. Mo fi àmì dúdú tí omi máa ń fi sílẹ̀ lára òpó afárá han ẹni tó gba iṣẹ́ náà, mo ní ibi tí omi máa ń dé rèé. Ó ní ìwé àwòrán lòun ń tẹ̀ lé. Yanrìn tí a fi po sìmẹ́ǹtì, létí ọ̀sà níbẹ̀ ni wọ́n ti kó o, a ò fi omi tó mọ́ ṣàn án. Yanrìn tó ti gba iyọ̀ sára máa ń jẹ irin inú kọnkéré. Irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, kọnkéré á sì là láti inú wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bẹ́ńṣì wọ̀nyẹn ṣe là. Kò sí ọmọ ìta kankan tó fi òòlù fọ́ wọn.

Nítorí náà, òpó afárá ni kí wọ́n fi wọn ilẹ̀. Lókè àmì omi, ẹ kọ́ ohun tó wù yín: ilé ìyàgbẹ́, àtíbàbà, òpó iná. Nísàlẹ̀ àmì, kí ó jẹ́ ilẹ̀, koríko, àti àtẹ̀gùn gbígbòòrò tí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ sí, ì báà jẹ́ nígbà kíkún tàbí nígbà gbígbẹ. Àtẹ̀gùn tó nípọn, tí wọ́n fi òkúta gidi ṣe, tí omi bá bò ó fún oṣù méjì, kò ní nǹkan kan tí yóò ṣe é.

* * *

Èsì fún ẹni tó ní kí wọ́n kó ilẹ̀ pupa dà síbẹ̀ kí ó ga, kí wọ́n sì mọ ògiri gíga dí omi.

Ẹ̀gbọ́n, omi tí ẹ bá lé kúrò lọ́dọ̀ yín, ilé ẹlòmíì ló ń lọ. Ilé àwọn tó wà létí ọ̀sà lápá ìsàlẹ̀ ni yóò gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ọdún 2000 ni ìjọba Benin ti fi ọ̀sà Àjàṣẹ́, ọ̀sà Nokoué àti àfonífojì ìsàlẹ̀ odò Ouémé sínú àdéhùn Ramsar tó ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi. Ilẹ̀ tí omi ń bò tó tún ń fà sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí. Ẹ bi àwọn apẹja Aguégués, wọ́n á ṣàlàyé fún yín jù mí lọ.

Mo mọ̀ pé ogiri gíga ń mú kí ibì kan rí bí ìlú òyìnbó. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ì bá sì bọ́ sí àpò irú èmi. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ ẹ.

* * *

Ìyá ẹlẹ́ja kan fi ohùn ránṣẹ́, ọmọ rẹ̀ ló bá a fi sí ibí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ní àwọn ò béèrè bẹ́ńṣì, torí orí bàsíà tí a dojú rẹ̀ dé làwọn ń jókòó. Ohun tó ń yọ àwọn lẹ́nu ni ibi tí obìnrin lè tọ̀ sí láti ìdájí títí di ọ̀sán. Àwọn kan kì í mu omi láàárọ̀ nítorí rẹ̀. Èkejì ni òjìji, torí ẹja tó bá wà nínú oòrùn fún wákàtí méjì, owó rẹ̀ ti já. Ẹ̀kẹta ni omi ẹ̀rọ láti fi fọ ilẹ̀ lẹ́yìn ọjà, kí eṣinṣin má baà gbà á.

Ẹ ṣeun, ìyá. Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ látàná, ohùn yìí ló wúlò jù. Ẹ wò ó, àwọn tí a fẹ́ lé yẹn ni ìdọ̀tí ń dùn jù, torí àárín rẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà.

Ẹnìkan sì ti fèsì pé ẹja rírùn ò bá ọgbà ìgbafẹ́ mu. Ṣé ẹ ò rí i pé òórùn yẹn, láti inú omi tí wọ́n fi fọ ẹja tó dúró sójú kan ló ti ń wá? Ẹ ṣe gọ́tà kékeré kan, ẹ gbé páìpù kan wá, ìdajì òórùn ti lọ. Ìdajì tó kù, òórùn ọ̀sà ni, ẹni tí kò bá lè gbà á kó jókòó sí Ouando, àdúgbò tó jìnnà sómi.

* * *

Ti ìdọ̀tí.

Àwọn kan rò pé àwọn tó ń wá síbẹ̀ ló ń da gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ dúró sẹ́nu gọ́tà ńlá tó ń tú sínú ọ̀sà lọ́jọ́ òjò. Gbogbo ohun tí ìlú da sílẹ̀ lókè ló ń gbabẹ̀ bọ́: ike omi, bàtà, ọ̀rá. Láti òfin 2017-39 ni ọ̀rá tí kì í jẹrà ti di èèwọ̀ ní Benin, síbẹ̀ ẹ lọ wo ẹnu gọ́tà. Tí a bá gbá ilẹ̀ ẹsẹ̀ afárá lójoojúmọ́ tí a ò fi àwọ̀n irin sẹ́nu gọ́tà, tí a ò sì ní ẹni tí yóò máa kó ohun tó bá kọ́ àwọ̀n lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, à ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni. Ẹni tí yóò máa kó o yẹn ni mo tẹnu mọ́. Àwọ̀n tí a ò kó ìdọ̀tí rẹ̀ máa ń dí, omi á sì padà sójú títì, ní ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ará àdúgbò á gé àwọ̀n náà sọnù. Mi ò sì ní bá wọn wí.

Ewéko orí omi tún wà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau. Nígbà tí omi Ouémé bá kún, omi tí kò níyọ̀ ló gbòde, ewéko á wá lọ́wọ̀ọ́ lọ́wọ̀ọ́ bo etí ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ọ̀nà omi Kutọnu wọlé, èyí tí wọ́n gbẹ́ lọ́dún 1885, iyọ̀ á sì pa ewéko náà. Ó kú lóòótọ́, àmọ́ sísàlẹ̀ ló ń rì sí, ó ń jẹrà, ó ń rùn. Ìgbà tó ṣì tutù, tó ṣì léfòó, ló yẹ kí wọ́n máa fà á sókè. Ìlú tó ní Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀ àti gáàsì láti ọdún 1985 tí Pádà Nzamujo ti dá a sílẹ̀, kò yẹ kó máa wo ewéko bí ohun tí a ń sun níná. Ajílẹ̀ ni. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ gbọ̀ma àti tìmátì létí omi á rà á.

* * *

Ẹnìkan ní ká fi Zàngbétọ́, eégún àwọn Gùn, ṣọ́ ibẹ̀ lóru. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Iṣẹ́ Zàngbétọ́ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni kí ó máa ṣọ́ ìlú lóru, kò sì sí olè tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ti dáhùn pé bí Zàngbétọ́ bá wà níbẹ̀, ta ni yóò lọ gbafẹ́? Òun náà rí i.

Ohun tí mo rò ni pé kí á má fi ohun àwọn bàbá wa ṣe gáàdì bẹ́ńṣì. Kí ẹni tó ń ṣe ọgbà lọ kí àwọn àgbà, kí ó béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà àti ọjọ́ tí Orò bá máa jáde, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó kí àlejò má baà kó sínú wàhálà. Ìyẹn tó.

Ẹ̀ṣọ́ tí mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni ìyá alákàrà. Àdúgbò mi, òpó iná olóòrùn mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀, wọ́n sì ti tú bátìrì méjì lọ. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbẹ́ ibi tí obìnrin kan ti ń din àkàrà títí alẹ́ fi lẹ́ ni ó wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní àyè ọ̀fẹ́ létí ọ̀sà, kí wọ́n má gba owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé àdéhùn rẹ̀ ni láti gbá àyíká rẹ̀ kó tó lọ sílé.

* * *

Àwọn tó ń béèrè ìtàn afárá: ẹ jẹ́ kí n ṣe é ní kúkúrú. Ọ̀nà irin Kutọnu sí Pọ́bẹ̀ ló gba ibẹ̀ kọjá ọ̀sà wọ Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nílùú báyìí ò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ti dé Pọ́bẹ̀ rí. Àwọn àgbà kan ṣì wà tó lè sọ ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ àti iye tí wọ́n ń san. Pátákó ìtàn kan lẹ́sẹ̀ afárá dáa, kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gùn, Yorùbá àti Faransé, kí ó má jẹ́ Faransé nìkan. Kí wọ́n má sì fi owó bẹ́ńṣì kun afárá ní ọ̀dà aláràbarà. Mo gbọ́ àbá yẹn, mo bẹ̀ yín.

* * *

Ẹni tó ní kí á dúró de ọgbà tí wọ́n ń ṣe sídìí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun: lóòótọ́, Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tó gba ẹ̀bùn Pritzker lọ́dún 2022, ló ya ilé náà. Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ ló wò kó tó yà á, ọgbà gbogbo ènìyàn sì wà nínú àwòrán rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ọgbà ìlú ńlá nìyẹn, owó ìjọba orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é, owó ìjọba ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ti ẹsẹ̀ afárá wa, ohun tí a lè fi owó mẹ́rì àti iṣẹ́ ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ni. Èkíní kò gbọ́dọ̀ dá èkejì dúró.

* * *

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni a ò tíì sọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìbéèrè. Kí ló dé tí koríko fi bò ó? Torí kò lọ síbì kankan ni. Wọ́n là á láti inú koríko sínú koríko. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lórí zẹ́mì lẹ́nu afárá kò rí i, ẹni tó sì rìn ín dé òpin rẹ̀ á kan pàǹtí, á padà. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́, koríko kì í hù lórí rẹ̀.

Ẹnu afárá, níbi tí àwọn oní-zẹ́mì ti ń já èrò sílẹ̀, ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó gba ojú àwọn ẹlẹ́ja kọjá, kí ó máa tẹ̀ lé omi, kí ó sì yọ sí títì tó lè gbé èèyàn dé ọjà tàbí àárín ìlú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé ìwé á máa gbà á láàárọ̀, ìyá tó gbé ẹja lórí á máa gbà á, arìnrìn-àjò á sì tẹ̀ lé wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni júwe ọ̀nà fún un. Kò nílò kọnkéré. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n dì dáadáa, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ omi kí òjò má baà dúró lórí rẹ̀, ó tó.

* * *

Ìbéèrè méjì ló kù, mo sì fẹ́ padà síbi iṣẹ́.

Igi wo? Ẹ má gbin máńgòrò. Àwọn ọmọ á máa sọ ọ́ lókò, orí àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni òkò yóò bà. Àgbọn náà, rárá, fún ìdí tí gbogbo wa mọ̀. Igi fúrúùtù, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní badamier, ni kí wọ́n gbìn lókè àmì omi, torí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tẹ́ rẹrẹ, iyọ̀ kì í sì tètè pa á. Nísàlẹ̀, lójú omi, kí wọ́n gbin palétuvier, igi tó ń hù nínú omi oníyọ̀, padà níbi tí ọkọ̀ ò ti ń gúnlẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, ẹja sì ń sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ti owó ẹnu ọ̀nà: kí wọ́n má gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn. Ilé ìyàgbẹ́ ni kí wọ́n máa gba 50 sẹ̀fà sí, kí wọ́n sì fi owó náà san ẹni tó ń fọ̀ ọ́ àti ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ẹnu gọ́tà. Kí ìwé owó náà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lóṣooṣù. Àwọn ìyá yẹn mọ owó kà ju gbogbo wa lọ.

Ẹni tó béèrè, bí ẹ bá wá lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí zẹ́mì já yín sílẹ̀ lẹ́nu afárá ní ìdájí. Èmi àti àwọn méjì tó ti fèsì níbí á wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. A fẹ́ mọ ibi tí àmì omi dé kí a tó kọ̀wé sí mẹ́rì.